Òṣùwọ̀n ni láàbù jẹ́, kì í ṣe owó ìtanràn

Ìyá tó ń ta ìrẹsì lọ́jà kì í fi ojú wọn ọjà fún oníbàárà. Kóńgò ló fi ń wọ̀n ọ́n. Oníbàárà náà kì í kàn sanwó bẹ́ẹ̀, yóò kọ́kọ́ yẹ ìdí kóńgò wò, nítorí ó mọ̀ pé àwọn kan a máa lu ìdí rẹ̀ wọnú kí ìrẹsì tó ń wọ ibẹ̀ lè dín. Bí màgòmágó bá ti wọ inú òṣùwọ̀n, kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè mú oníbàárà yẹn padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun tí kóńgò jẹ́ fún oníìrẹsì, òun náà ni àyẹ̀wò láàbù jẹ́ fún ẹni tó ń se àgbo tà, ẹni tó ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ládùúgbò, àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń wá ìwòsàn kiri. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké nídìí oògùn ìbílẹ̀ ni kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, láàbù jẹ́ ohun tí ìjọba fi ń yọ ará ìlú lẹ́nu, owó tí wọ́n bá sì san síbẹ̀ kò yàtọ̀ sí owó ìtanràn. Ìgbà tí wọ́n bá ń wá nọ́ńbà NAFDAC nìkan ni wọ́n ń san án. Bí nọ́ńbà bá ti dé ara ìgò, ọ̀rọ̀ láàbù parí nìyẹn.

Èrò yìí kò dára, ó sì ń pa àwọn tó ní in lówó. Ẹ̀rí tó fi bẹ́ẹ̀ hàn kò jìnnà, ó wà nínú igbá àwọn lẹ́kulẹ́ja. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe Niprisan, oògùn Nàìjíríà tó gbé orúkọ egbòogi ìdílé kan dé inú ìwé àwọn onímọ̀ ìṣègùn lágbàáyé. Kì í ṣe ìpolówó orí rédíò ló gbé e débẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rí ẹnu àwọn tó ti lò ó. Àyẹ̀wò láàbù ni.

Iṣẹ́ ìwádìí tó di iṣẹ́ ajé

Àìsàn síkùsẹ́ẹ̀lì, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ni wọ́n ṣe Niprisan fún. Ìṣirò tí àwọn elétò ìlera sábà máa ń lò ni pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní àìsàn yìí ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní hẹmogilóbìn, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara. Ọmọ tó bá gba S lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba S lọ́dọ̀ ìyá, hẹmogilóbìn tirẹ̀ ní àléébù. Bí ọ́síjìn bá ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, hẹmogilóbìn náà á máa so mọ́ ara wọn gbọọrọ bí okùn, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto á sì tẹ̀ bí dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti tẹ̀ báyìí kì í ráyè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ibẹ̀ ni ìrora egungun tí gbogbo òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ dunjú ti ń wá.

Láàbù ni wọ́n ti mọ gbogbo èyí. Ní 1910, dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì bíi dòjé tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù rí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi agbára iná mànàmáná gba inú hẹmogilóbìn kọjá. Wọ́n rí i pé ti onísíkùsẹ́ẹ̀lì kò rìn bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ pé, àti pé ẹni tó gba S lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ní oríṣi méjèèjì lára. Ìgbà yẹn ni ayé kọ́kọ́ mọ̀ pé àléébù ara èròjà kan ṣoṣo lè fa odindi àìsàn.

Ó yẹ kí oníṣòwò fara balẹ̀ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí já sí. Àyẹ̀wò jíìnótaìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń ní kí àfẹ́sọ́nà lọ ṣe kó tó di pé wọ́n ṣègbéyàwó, orí ọgbọ́n 1949 yẹn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì dúró lé. Ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù kan, tó ra ẹ̀rọ kékeré kan, tó gbé pátákó síta pé àwọn ń ṣe jíìnótaìpù, èso ìwádìí ló ń tà. Òun àti àwọn tó ń sanwó oṣù fún, ara òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kan wá rí ni gbogbo wọn ti ń jẹun.

Orín tó la ojú àwọn onímọ̀ nífẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní nǹkan bí 1971, àwọn onímọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, ń yẹ àwọn orín tí Yorùbá ń rún láàárọ̀ wò. Abayomi Sofowora wà lára wọn. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé omi orín lè pa kòkòrò àrùn? Wọ́n po omi orín mọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ń sin kòkòrò àrùn ní láàbù, irú èyí tí wọ́n máa ń da ẹ̀jẹ̀ sí. Wọ́n wá rí i pé níbi tí omi orín àtà wà, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò ṣí bó ṣe yẹ kó ṣí. Ó ṣì pupa fòò.

Ẹlòmíì ì bá da àwo náà nù, kó sọ pé kì í ṣe ohun tí òun ń wá nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún bi ara wọn pé bí orín àtà bá lè dá ẹ̀jẹ̀ sí tó báyìí, kí ló lè ṣe fún ẹ̀jẹ̀ onísíkùsẹ́ẹ̀lì? Wọ́n gbé e lọ sínú àyẹ̀wò mìíràn. Nígbà tó fi máa di 1975, wọ́n ti tẹ ìwé jáde pé ohun kan wà nínú gbòǹgbò àtà tó ń dènà kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀, wọ́n sì ti dán an wò lára àwọn aláìsàn díẹ̀. Orín àtà kò tíì di oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn títí dòní. Síbẹ̀, láti ìgbà yẹn ni ó ti hàn pé egbòogi ilẹ̀ yìí kan lè jókòó síwájú òṣùwọ̀n, kó sì dáhùn ìbéèrè.

Bí wọ́n ṣe wọn egbòogi Ogunyale

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan láti ilẹ̀ Yorùbá, Ẹni-Ọ̀wọ̀ Ogunyale, gbé egbòogi síkùsẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ti ìdílé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ NIPRD, iléeṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìwádìí oògùn ní Idu, l'Ábùjá. Charles Wambebe ló ń darí ibẹ̀ nígbà náà. Wọ́n jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni egbòogi wọ láàbù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní láàbù kì í ṣe iye èèyàn tó ti jẹ́rìí sí i. Bí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ nìyí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ onísíkùsẹ́ẹ̀lì, wọ́n á pín in sí méjì. Wọ́n á fi egbòogi tí wọ́n ti wọ̀n sínú ìdajì kan. Ìdajì kejì, omi tí wọ́n fi yọ́ egbòogi náà nìkan ni wọ́n á fi sí i. Wọ́n á wá fa ọ́síjìn kúrò lára méjèèjì, kí sẹ́ẹ̀lì lè bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé wọn sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n á máa kà á: nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì, mélòó ló tẹ̀? Bí iye tó tẹ̀ ní ìhà méjèèjì bá dọ́gba, egbòogi kò ṣe nǹkan kan. Bó bá dín kù gan-an níbi tí egbòogi wà, a jẹ́ pé ó ní ohun tó ń ṣe.

Ìdajì kejì yẹn ni ọkàn gbogbo àyẹ̀wò. Bí ìgbà tí alápatà gbé abọ́ òfìfo sórí òṣùwọ̀n kó tó kó ẹran sí i ni. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n abọ́, kò lè mọ ìwọ̀n ẹran. Ẹ̀rí ẹnu kì í ní abọ́ òfìfo. Oníbàárà tó ní àgbo mú òun lára dá, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ì bá ti yá láì mu ún.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí dín egbòogi náà kù, láti mọ èyí tó kéré jù tó ṣì lè ṣiṣẹ́. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde pé nǹkan bíi mílígírámù 0.05 Niprisan nínú mìlílítà kan ló tó láti dá ìdajì sẹ́ẹ̀lì dúró kó má tẹ̀. Tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò, gírámù kan péré yóò tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 20. Wọ́n tún rí ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́: ó ń fa àkókò tí hẹmogilóbìn fi ń so mọ́ra gùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ̀wé nípa àwọn eku tí wọ́n ti fún ní hẹmogilóbìn onísíkùsẹ́ẹ̀lì ti èèyàn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n síbi tí ọ́síjìn kò pọ̀, àwọn tó ti gba egbòogi pẹ́ láyé ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Lára èèyàn ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò ní Nàìjíríà kí ti Philadelphia tó jáde. Aláìsàn 82 ni wọ́n lò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2001. Àwọn kan gba Niprisan, àwọn kan gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, nígbà tó yá wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn kò mọ èyí tó ń lò, dókítà tó ń bójú tó o náà kò mọ̀. Ìrora ńlá tó máa ń dá wọn dúbúlẹ̀ dín kù nígbà tí wọ́n ń lo Niprisan. Àwọn onímọ̀ mìíràn tó yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn náà ní ó dára, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe lára èèyàn tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nídìí òwò, ọ̀rọ̀ kò lọ geere. Amẹ́ríkà ti fún egbòogi náà ní ìwé ẹ̀tọ́ ní 1998. Ní 2002, iléeṣẹ́ Xechem ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti máa ṣe é, NAFDAC sì fọwọ́ sí i ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Xechem wọ gbèsè, ó sì lọ sí kóòtù pé òun kò lè san án mọ́. Àwọn aláìsàn tó ti ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí wá a tì.

Ẹnì kan lè sọ pé kí wá ni èrè gbogbo àyẹ̀wò yẹn. Èrè ibẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ lè kú, òdiwọ̀n kì í bá a kú. Ohun tí wọ́n rí ní Ábùjá àti ní Philadelphia ṣì wà nínú ìwé, ẹni tó bá ní owó àti ọgbọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá a dé. Mélòó ni àwọn àgbà oníṣègùn tó ti lọ sí ọ̀run pẹ̀lú egbòogi tó lè jù báyìí lọ, tí ọmọ wọn kò sì mọ ju orúkọ ewé méjì lọ? Láàbù kò lè bá oníṣòwò darí iléeṣẹ́, kò sì lè bá a ṣọ́ owó. Ohun tó lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ọjà náà bá olówó rẹ̀ wọ sàréè.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n

Àwọn tó ń sá fún owó láàbù gbọ́dọ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2008. Oògùn olómi kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín. Propylene glycol, èròjà olómi tí wọ́n fi ń po irú oògùn bẹ́ẹ̀, ni wọ́n rò pé àwọn rà. Èyí tó wọ inú oògùn ní diethylene glycol nínú, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Méjèèjì kò ní àwọ̀, méjèèjì ń dùn lẹ́nu, ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kí February 2009 tó parí, ọmọdé 84 ti kú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1990, oògùn paracetamol olómi tí májèlé kan náà wà nínú rẹ̀ pa àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà. Láàbù mọ bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Ọ̀nà kan tiẹ̀ wà tí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá: wọ́n á kán èròjà díẹ̀ sórí pátákó pẹlẹbẹ, omi kan á fà á gòkè, ibi tí kálukú bá dúró sí ni wọ́n á fi mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó ra èròjà náà kàn gba ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù gbọ́ ni. Oníṣòwò tí kì í ra epo pupa láì tọ́ ọ wò, kò yẹ kó ra èròjà oògùn láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí láàbù mọ

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ láàbù di òrìṣà. Ní 2019, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn síkùsẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ voxelotor, tí orúkọ ọjà rẹ̀ jẹ́ Oxbryta. Òdiwọ̀n láàbù ni wọ́n fi gbà á wọlé: ó ń mú kí hẹmogilóbìn aláìsàn lọ sókè. Wọ́n ní kí wọ́n máa tà á lọ, kí wọ́n sì máa ṣe ìwádìí mìíràn láti mọ̀ bóyá ìgbé ayé aláìsàn náà dára sí i lóòótọ́. Ní September 2024, iléeṣẹ́ Pfizer tó ni oògùn náà kó o kúrò lọ́jà jákèjádò ayé, nítorí àkọsílẹ̀ tó ń wọlé fi hàn pé ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, títí kan ìrora tó ń dá aláìsàn gúnlẹ̀ àti ikú.

Òdiwọ̀n yẹn kò parọ́. Hẹmogilóbìn lọ sókè lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ ìṣòro ni pé ìbéèrè tí wọ́n bi òṣùwọ̀n kọ́ ni ìbéèrè tí aláìsàn ń bi ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ìwádìí fi dà bí àkàbà: inú ìgò ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ara eku, lẹ́yìn náà ara èèyàn díẹ̀, lẹ́yìn náà ara èèyàn púpọ̀. Ẹni tó bá gba èsì ìtẹ̀gùn àkọ́kọ́, tó sáré lọ kọ ọ́ sára ìgò pé oògùn òun ń wo síkùsẹ́ẹ̀lì sàn, ìdí kóńgò ló lù wọnú yẹn.

Àwáwí mẹ́ta

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣòwò sábà máa ń sọ ni pé owó kò sí. Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò kan wà tí apá ẹnì kan kò lè ká. Àmọ́ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá àjọ. Ẹgbẹ́ tó ń dá èésú láti ra ṣọ́ọ̀bù lè dá a láti fi san owó láàbù, kí wọ́n máa mú ọjà ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Kò sì pọn dandan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wọ́n jù. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kòkòrò àrùn tàbí májèlé wà nínú ìgò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá ó ń wo àrùn sàn.

Ohun kejì ni ẹ̀rù pé àwọn alákọ̀wé yóò jí egbòogi wọn. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Àmọ́ ìwé àdéhùn ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ìfarapamọ́. Ogunyale tọwọ́ bọ̀wé kí egbòogi rẹ̀ tó di ohun tí láàbù ń wọ̀n. Kí oníṣòwò wá lọ́yà, kí wọ́n kọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tí yóò kàn án bí ọjà náà bá di owó. Àyẹ̀wò kan tiẹ̀ pọ̀ tí kò gba pé kéèyàn sọ orúkọ ewé kankan. Ẹni tó ń wá kòkòrò nínú ìgò kò nílò láti mọ ohun tí wọ́n sè síbẹ̀.

Ohun kẹta ló gbajúmọ̀ jù: àwọn baba lò ó, wọn kò lọ láàbù. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn baba já ewé nínú igbó tí wọ́n mọ̀, wọ́n sè é fún aláìsàn tí wọ́n mọ bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n sì dúró tì í títí ara rẹ̀ fi yá tàbí kò yá. Oníṣòwò òde òní ń ra ewé lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó ń rọ ọ́ sínú ike, ó ń tà á ní gáréèjì fún àjèjì tó ń lọ sí Kánò. Àṣà kan náà kọ́ nìyẹn mọ́. Ohun tí ojú baba ń ṣe nígbà náà, láàbù ló gbọ́dọ̀ máa ṣe é báyìí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí oníṣòwò tó sanwó fún láàbù, ìbéèrè díẹ̀ wà tó yẹ kó bi wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi wé ọjà òun? Ìgbà mélòó ni wọ́n á ṣe é kí wọ́n tó gbà pé èsì náà dúró? Ṣé ìgò tí òun fẹ́ tà ni wọ́n yẹ̀ wò, àbí èyí tí òun dìídì sè fún wọn? Kí sì ni èsì náà ń sọ: pé ọjà náà kò ní ewu, àbí pé ó ń ṣiṣẹ́? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC kọ sínú ìwé rẹ̀ máa ń ní àkọlé lára pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ní ó ń ṣe wò. Ọ̀pọ̀ ló ń fi nọ́ńbà yẹn polówó bí ẹni pé ìjọba ti jẹ́rìí sí ìwòsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń se àgbo tà pàápàá ní ìwé tirẹ̀ tó yẹ kó máa kọ: ọjọ́ tó sè é, ibi tí ewé ti wá, ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan tó fi sí i. Bí ìkòkò òní kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti àná, kò sí láàbù kankan láyé tó lè sọ òótọ́ nípa ọjà rẹ̀, nítorí kì í ṣe ọjà kan ló ń tà.

Ti ẹni tó ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ń ṣe jíìnótaìpù, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé AA ni, pé AS ni, ló yẹ kó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníbàárà. Abọ́ òfìfo tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nítorí kó lè dín ìnáwó kù, tó kọ AA fún ọmọbìnrin tó jẹ́ AS, kò mọ ohun tó ṣe. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, tọkọtaya kan á máa sáré gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru, wọn ò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ìjọba náà kò lè ká ọwọ́ gbera. Àwọn ibi bíi NIPRD àti FIIRO tó wà ní Oshodi, àti láàbù àwọn yunifásítì, owó ará ìlú ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ó yẹ kí owó àyẹ̀wò fún oníṣòwò kékeré níbẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n gbé síta gbangba, kó sì dín sí ti iléeṣẹ́ ńlá. Ó yẹ kí báńkì náà gba èsì láàbù tó péye gẹ́gẹ́ bí ohun tó ní láárí nígbà tí olóògùn ìbílẹ̀ bá wá yá owó.

Ìyá oníìrẹsì kò ka kóńgò sí ọ̀tá. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló sì ń gbé e sókè kí oníbàárà lè rí ìdí rẹ̀ kedere. Ọjọ́ tí àwọn tó ń ta egbòogi bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé èsì láàbù wọn sókè bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó wà ní Philadelphia yóò mọ ohun tó ń rà, èyí tó wà ní gáréèjì náà yóò sì mọ̀ ọ́n.